Bẹ́líìtì, ṣéènì, gíábọ́ọ̀sì tàbí mọ́tò tààrà: èwo ló yẹ kó máa yí ẹ̀rọ gààrí yín?

Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ gààrí, tàbí tó fẹ́ kí wẹ́ldà bá òun ṣe é, sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń dá iṣẹ́ dúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti irin tó ń kan oúnjẹ ló ń bàjẹ́: bẹ́líìtì já, ṣéènì bọ́, omi ẹ̀gẹ́ wọ inú béárìn tó ń gbé ọ̀pá ẹ̀rọ ró kó lè máa yí, gíábọ́ọ̀sì ń jo ọ́ìlì. Bí ó bá sì ti bàjẹ́, ẹ̀gẹ́ kò ní dúró de mẹkáníìkì, nítorí pé láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n bá ti wú u ni inú rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ níhìn-ín sábà máa ń gbà gbé agbára láti orí mọ́tò dé ibi iṣẹ́: bẹ́líìtì, ṣéènì, gíábọ́ọ̀sì (àpótí tí gíá tó ń yí eré padà wà nínú rẹ̀), àti kí wọ́n so mọ́tò mọ́ ẹ̀rọ tààrà. Mo fẹ́ gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó wá sọ̀rọ̀ lórí ajọ̀ tó ń lọ síwá sẹ́yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí àṣejù jù lọ. Ẹ̀rọ gààrí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ èlùbọ́ tàbí tó ń fún epo pupa á rí ohun tó kàn án níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ká fi wọ̀n wọ́n

Ohun àkọ́kọ́ ni eré tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Mọ́tò iná tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà wa máa ń yípo ní nǹkan bí ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù tó ń rin ẹ̀gẹ́ ń fẹ́ eré tí kò jìnnà sí èyí. Apá tó ń ro gààrí nínú agbada ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: ká ní a fẹ́ kó yípo ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, a ní láti dín eré mọ́tò kù ní ìlọ́po 48. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ méjì yìí ló pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi gba ẹni tó bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló dára fún gbogbo ẹ̀rọ gbọ́.

Èkejì ni omi àti ìyẹ̀fun. Omi ẹ̀gẹ́ tó ti kan máa ń jẹ irin lásán, ìyẹ̀fun tó ń fò níbi tí wọ́n ti ń kù ú sì máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá ní gírísì lára. Ẹ̀kẹta ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí nǹkan bá há, nítorí pé òkúta àti ìṣó kì í wọ́n nínú ẹ̀gẹ́ tó ti oko dé. Ẹ̀kẹrin ni ohun tó lè já bọ́ tàbí kán sínú oúnjẹ. Ìkarùn-ún ni ẹni tó máa tún un ṣe, àti bí ẹ̀yà tó bàjẹ́ bá wà ní ọjà tó wà nítòsí, tàbí ó di dandan kí ẹ ránṣẹ́ sí Èkó.

Iye owó tí wọ́n ń tà á ni mo fi sí ìkẹyìn, kì í ṣe pé owó kò ṣe pàtàkì. Ohun tó jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ̀yà olówó pọ́ọ́kú tó ń dá iṣẹ́ dúró lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á ti jẹ owó tó ju ti olówó ńlá lọ kí ọdún tó yí po. Ẹ fi owó ọ̀yà àwọn tó jókòó láìṣiṣẹ́ kún un, kí ẹ sì fi ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́ kún un, kí ẹ tó sọ pé ẹ̀rọ kan kò wọ́n.

Bẹ́líìtì

Fún ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, bẹ́líìtì tó rí bíi lẹ́tà V ni mo fara mọ́, n kò sì tíì rí ìdí tó fi yẹ kí n yí i padà. Ó ti pẹ́ láyé: ní ọdún 1917 ni John Gates gbé èyí tí wọ́n fi rọ́bà àti aṣọ ṣe jáde ní ìlú Denver, ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń di púlì, ìyẹn páànù oníkòtò tí bẹ́líìtì ń yí, mú, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti ń wúwo sí i ló túbọ̀ ń há mọ́ inú kòtò púlì. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá. Bí púlì orí mọ́tò bá fẹ̀ ní mílímítà 100, tí ti orí ìlù sì fẹ̀ ní 150, ìlù á máa yípo ní nǹkan bí ìgbà 960 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí eré náà dín kù tàbí kó pọ̀ sí i á kàn pààrọ̀ púlì kan ni.

Ànfààní rẹ̀ tó tóbi jù lọ ni pé ó máa ń yọ̀. Nígbà tí òkúta bá há láàárín ìlù àti ojú àpótí, bẹ́líìtì á kígbe, á yọ̀ tàbí kó bọ́, mọ́tò kò sì ní jó. Ariwo yẹn ti tó fún ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ láti mọ̀ pé ó yẹ kí òun pa iná. Yàtọ̀ sí èyí, bẹ́líìtì kì í fẹ́ gírísì, kò sí irin tó ń ha irin níbẹ̀, àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ ní ìlú kéékèèké pàápàá sì máa ń ní irú A, tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 13, àti irú B, tó fẹ̀ ní mílímítà 17.

Àwọn tó ń bínú sí bẹ́líìtì kì í sábà tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín púlì méjèèjì: bí àyè tó wà láàárín wọn bá jẹ́ mítà kan, ó yẹ kó rì wọlé ní nǹkan bíi mílímítà 16, bó bá jẹ́ ìdajì mítà, mílímítà 8 ti tó. Bó bá dẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa yọ̀, á sì jóná. Bó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, béárìn ló máa gbowó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ na okùn tín-ín-rín kan gbọọrọ láti etí púlì kan dé etí èkejì; tí okùn náà kò bá kan etí méjèèjì dọ́gba, púlì kan ti yà, bẹ́líìtì á sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò. Ẹ yọ bẹ́líìtì, kí ẹ tan iná sínú kòtò púlì. Bí ìsàlẹ̀ kòtò náà bá ń dán gbinrin, bẹ́líìtì ti ń jókòó sí ìsàlẹ̀ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò sì di nǹkan kan mú mọ́. Kò sí bẹ́líìtì tuntun tó lè wo àìsàn yẹn sàn, púlì ni kí ẹ pààrọ̀. Bí bẹ́líìtì méjì tàbí mẹ́ta bá sì jọ ń ṣiṣẹ́ lórí púlì kan, gbogbo wọn ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé tuntun tí kò tíì nà á máa dá gbé ẹrù tí àwọn ògbólógbòó ti sọ kalẹ̀.

Àléébù bẹ́líìtì ni pé omi máa ń mú kó yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tí omi ẹ̀gẹ́ kò lè ta kọjá. Ìbòrí yẹn kì í ṣe nítorí omi nìkan. Ìyá tó ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ ró ìró, ó sì so ìborùn. Bí etí aṣọ bá kan bẹ́líìtì tó ń sáré, kò ní fún un láyè láti ronú. Ẹ má ṣe san owó ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ wà ní gbangba, ohun yòówù kí ẹni tó ṣe é wí.

Ibi tí bẹ́líìtì kò ti wúlò ni ibi tí eré gbọ́dọ̀ ti dín kù púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlọ́po 48 yẹn: bí púlì kékeré bá fẹ̀ ní mílímítà 75, ńlá gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní mílímítà 3,600, ìyẹn mítà mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, tó ga ju àjà ilé lọ. Àwọn kan máa ń pín in sí ìpele méjì, kí púlì ńlá kọ̀ọ̀kan lè wà ní nǹkan bíi mílímítà 525, ṣùgbọ́n ìyẹn ti mú ṣáàfù (ọ̀pá tó ń yípo) kan sí i wá, ó ti mú béárìn méjì sí i wá, férémù sì ti gùn. Ohun tó yẹ kó rọrùn ti wá di ẹrù.

Ṣéènì

Hans Renold ló ṣe ṣéènì onírólà ní ìlú Manchester ní ọdún 1880, irú rẹ̀ náà ló sì wà lára ọ̀kadà títí di òní. Ìdí tí àwọn wẹ́ldà wa fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ju pé ṣéènì ọ̀kadà wà níbi gbogbo, owó rẹ̀ kò wọ́n, kì í yọ̀, ó sì lè fa ẹrù tó wúwo ní eré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́.

Ìyẹ̀fun ni ọ̀tá rẹ̀. Ṣéènì kò lè ṣe kó má fẹ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì sì máa ń mú ìyẹ̀fun mọ́lẹ̀, kí àwọn méjèèjì tó di amọ̀ kan tó ń lọ píìnì ṣéènì láti inú wá. Ohun tí a ń pè ní pé ṣéènì nà kì í ṣe irin ló nà. Píìnì àti ihò rẹ̀ ló jẹ. Ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín: nínú ṣéènì tí ìdè rẹ̀ jẹ́ mílímítà 12.7, ìdè ogún gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 254 nígbà tó ṣì tuntun. Bó bá ti di nǹkan bíi 261, tó fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún gùn sí i, ẹ bọ́ ọ dànù, kí ẹ sì pààrọ̀ páànù eléyín pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé eyín tó ti jẹ á ba ṣéènì tuntun jẹ́ kíákíá.

Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí nǹkan bá há, ṣéènì kò ní yọ̀, á kàn máa fà títí ohun tó rọ̀ jù lọ yóò fi ṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi píìnì kan tó mọ̀ọ́mọ̀ rọ̀ ju ìyókù lọ sí ara ṣáàfù, kó lè jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ já. Mo ti rí agbada ìyangààrí tí ṣéènì rẹ̀ wà lókè tààrà, tí ọ́ìlì dúdú ń kán sórí gààrí funfun ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ro ti ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ibi tí ṣéènì bá ojú mi mu ni ibi tó ń gbé ẹ̀gẹ́ tí wọn kò tíì bó tàbí àpò gààrí tí wọ́n ti rán, tí kò sí oúnjẹ ṣíṣí nítòsí rẹ̀.

Gíábọ́ọ̀sì

Fún agbada tó ń yan gààrí, gíábọ́ọ̀sì ni ẹ bá sanwó fún. Gíá oníwọ́ọ̀mù, tí ọ̀pá kan tó rí bíi skúrù ń yí páànù eléyín nínú rẹ̀, tó sì ń dín eré kù ní ìlọ́po 50, á sọ 1,440 di nǹkan bíi 29 nínú àpótí kan ṣoṣo tí kò ju ohun tí ẹnì kan lè gbé lọ. Ó ń sọ agbára ìyí di púpọ̀ bó ṣe ń dín eré kù, ó wà ní dídé tí ìyẹ̀fun kò fi lè wọ inú rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ní láti máa fa nǹkan kan le láràárọ̀. Owó rẹ̀ ló wọ́n jù lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi í wé púlì mẹ́rin, ṣáàfù, béárìn àti férémù tó máa rọ́pò rẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ àléébù rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Irú tó ń dín eré kù tó bẹ́ẹ̀ lè sọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára mọ́tò di ooru, nítorí náà ẹ má ṣe ra mọ́tò tó ṣe wẹ́kú, ẹ má sì gbé àpótí náà sí ibi tí iná agbada ti ń rà á. Gíá oníyín dídà, èyí tí eyín rẹ̀ dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, kì í fi agbára ṣòfò tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé agbára tó ń dé òdì kejì máa ń ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ tún ga sí i. Iléeṣẹ́ tó ń yan gààrí tọ̀sán-tòru ló máa jèrè rẹ̀ lára owó iná.

Àléébù kejì ni ọ́ìlì. Bí gíábọ́ọ̀sì bá dúró sókè agbada, tí ṣáàfù rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, ọjọ́ tí rọ́bà tó dí ọ́ìlì bá gbó ni ọ́ìlì á bọ́ sínú gààrí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ooru kò dé, tàbí kí wọ́n fi àwo sábẹ́ rẹ̀ tí yóò gba ohun tó bá kán. Ẹ bèèrè ọ́ìlì tí wọ́n kọ H1 sí lára, èyí tí wọ́n ṣe fún ibi tí ọ́ìlì ti lè ṣèèṣì kan oúnjẹ. Ọ́ìlì ọkọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà, n kò sì bá wọn wí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ṣáàfù tó ń jáde mú, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì yí ti ìwọlé síwá sẹ́yìn. Bó bá yí lọ jìnnà kí èkejì tó mira, ó ti jẹ nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, kí ẹ fi ìka kan ọ́ìlì náà, kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ohun tó ń tàn wínníwínní bíi góòlù, idẹ inú rẹ̀ ló ti ń lọ yẹn, a kì í sì tètè rí irú idẹ bẹ́ẹ̀ rà lọ́tọ̀.

Ìmọ̀ràn mi lórí agbada ni pé kí bẹ́líìtì kan wà láàárín mọ́tò àti gíábọ́ọ̀sì. Bẹ́líìtì á yọ̀ bí gààrí bá dì, gíá kò ní ṣẹ́, ẹ ó sì lè fi púlì tún eré ṣe nígbà tí ẹ bá rí bí gààrí ṣe ń gbẹ.

Mọ́tò tí a so tààrà

Èyí ló ní ẹ̀yà díẹ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ ẹ́ kò pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń fẹ́ eré kan náà pẹ̀lú mọ́tò, tí òkúta kò sì lè dé inú rẹ̀, bíi fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí gààrí tàbí pọ́ǹpù omi, ẹ so ó tààrà. Lórí ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, n kò fọwọ́ sí i, nítorí pé ìṣó kan ti tó láti jó kọ́ìlì mọ́tò.

Àwọn kan á sọ pé kí a fi VFD, àpótí iná tó ń yí eré mọ́tò padà, rọ́pò gíábọ́ọ̀sì. Kò lè rọ́pò rẹ̀. VFD ń dín eré kù, ṣùgbọ́n kì í sọ agbára ìyí di púpọ̀ bí gíá ṣe ń ṣe é, fáànù ẹ̀yìn mọ́tò náà á sì máa lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí mọ́tò á fi gbóná. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí fóltéèjì ń ga tó ń wálẹ̀, àpótí náà ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló lè tún un ṣe.

Ajọ̀ tó ń lọ síwá sẹ́yìn, àti apá tó ń ro gààrí

Gbogbo ohun tó ń yípo lọ sí ọ̀nà kan rọrùn ju ohun tó ń lọ tó ń padà lọ, nítorí pé gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ń padà ni bóòtì ń gba ìjì. Bí ẹ bá sọ eré ajọ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tó ń mì í á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí férémù fi máa ń là lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi kún eré rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá.

Mo ti rí ajọ̀ tí wọ́n fi rélì, táyà kéékèèké àti píìnì mẹ́jọ ṣe, tí ìyẹ̀fun sì wọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó tó ni páànù kan tí ihò ṣáàfù rẹ̀ kò sí láàárín gangan, kí ihò náà fi mílímítà 12 yà kúrò láàárín, ajọ̀ á sì máa lọ ní mílímítà 24. Ẹ wá gbé ajọ̀ náà lé orí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè tẹ̀, tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Pátákó á máa tẹ̀ síwá, á máa tẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí píìnì tó ń jẹ, kò sí ibi tó ń fẹ́ gírísì, béárìn tó kù kò sì ju ti páànù náà àti ti ṣáàfù rẹ̀ lọ. Nígbà tí pátákó bá ṣẹ́, káfíńtà àdúgbò ló máa gé òmíràn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lára ẹ̀rọ oúnjẹ, èyí wà lára ohun tó wú mi lórí jù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà ló kan agbada. Ìyá tó ń yan gààrí máa ń fi igbá tẹ̀ ẹ́, á ha á, á sì yí i padà, àwọn kan sì ti gbìyànjú láti mú kí apá irin ṣe gbogbo rẹ̀ ní àlọ àti àbọ̀. Ó ń fẹ́ kí mọ́tò máa yí padà ṣáá, tàbí kí wọ́n fi ọ̀pá àti ìdè oríṣiríṣi ṣe é. Ó sàn kí apá náà máa yípo lọ sí ọ̀nà kan nínú agbada róbótó, kí wọ́n sì fi sípíríìnì ti abẹ irin tí kì í dógùn-ún mọ́ ojú agbada, kó lè máa ha ohun tó bá fẹ́ lẹ̀. Sípíríìnì náà gbọ́dọ̀ wà lókè, jìnnà sí gààrí.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo lábúlé, yálà ẹ́ńjìnnì dísù tàbí mọ́tò iná ló ń lò, bẹ́líìtì V ni kó mú, kó sì máa fi ọ̀kan pa mọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ ra agbada ìyangààrí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ forí tì í kó ra gíábọ́ọ̀sì tó dára pẹ̀lú bẹ́líìtì níwájú rẹ̀, kódà bó bá gba pé kí wọ́n dá owó fún oṣù díẹ̀ sí i. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó gíábọ́ọ̀sì lè fi ṣéènì ọ̀kadà àti púlì ṣe ti agbada, bí ṣéènì náà bá wà ní ẹ̀gbẹ́, tó sì wà nínú ìbòrí tó ní ìsàlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ sọdá orí oúnjẹ. Iléeṣẹ́ ńlá tó ní iná tó dúró ṣinṣin, tó sì ní onímọ̀ iná tirẹ̀, lè ronú gíá oníyín dídà àti VFD papọ̀, nítorí pé iye iná tí wọ́n ń jó á dá owó náà padà.

Ẹni tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń rọ ẹ̀rọ fún títà lè tọ FIIRO lọ ní Oṣòdì, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iléeṣẹ́, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, tàbí IITA ní Ìbàdàn, iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ó ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Nígbà tó bá sì ń ya àwòrán tirẹ̀, kó ka gbogbo ibi tí irin ti ń ha irin lórí ìwé náà, kó tó gé irin kankan, kó sì wo èyí tí pátákó, rọ́bà tàbí bẹ́líìtì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.